Òkú Ń Kí Yín: Bí Mo Ṣe Yan Àsíá fún Ọkọ̀ Mi

Rùká, kọ ọ́ bí mo bá ṣe ń sọ ọ́. Má bá mi tún un ṣe. Ìwọ lo lọ sílé ìwé, èmi ò lọ, ṣùgbọ́n èmi ni mo mọ ibi tó ti ń dùn mí.

Làsísì tí mo máa dárúkọ yìí, ẹ̀gbọ́n mi ni. Bàbá kan náà ló bí wa, ìyá ò pa wá pọ̀. Ó yẹ kí n máa pè é ní "wọ́n". Mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ìwé yìí. "Ó" ni kí o kọ. Lójú ẹ̀, mo máa ń dọ̀bálẹ̀ fún un. Ìyẹn yàtọ̀. A máa débẹ̀.

Las Palmas ni mo ti ṣiṣẹ́. Àárín òkun ni ìlú yẹn wà, àwọn ará Sípéènì ló ni ín. Ọ̀nà tí mo gbà débẹ̀, ẹ má bi mí. Ẹni tó bá gba ọ̀nà yẹn kì í sọ ọ́.

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù níbẹ̀ kì í ṣe òkun. Ìkíni ni. Àárọ̀ ọjọ́ kejì tí mo débẹ̀, mo jáde, mo rí bàbá àgbàlagbà kan tó ń fa ajá ẹ̀ lọ. Mo tẹrí ba, mo kí i. Ó ki ọwọ́ bàpò, ó fún mi ní owó wẹ́wẹ́. Ó rò pé mò ń ṣagbe ni. Mo kí obìnrin kan, ó gbá báàgì ẹ̀ mọ́ra, ó sáré sọdá títì. Kó tó di ọ̀sán, mo ti mọ̀ pé ní ìlú yìí, èèyàn lè jí, kó ṣiṣẹ́, kó jẹun, kó sùn, kí ẹnikẹ́ni má bi í pé ṣé o jí ire. Nílé ńkọ́? Bí mo bá jáde ní Inísà tí mi ò kí ará ilé iwájú wa, wọ́n á wá bá ìyá mi pé ṣé ara ọmọ yín ò yá ni.

Iṣẹ́ tí mo rí ni ìdí ọkọ̀ fífọ̀. Kì í ṣe ọkọ̀ akẹ́rù o. Ọkọ̀ fàájì, tí ẹnì kan ṣoṣo máa ń ni, tó máa fi rìn kiri ayé. Aṣọ ńlá ni wọ́n ń ta sókè lára ẹ̀, afẹ́fẹ́ á máa tì í lọ. Tó bá ti pẹ́ lómi, ìkarahun á lẹ̀ mọ́ ìdí ẹ̀ bí èépá. Wọ́n á fi ẹ̀rọ gbé e sórí ilẹ̀, èmi á wọ abẹ́ ẹ̀ lọ, màá máa fi irin ha á. Ọ̀dà àtijọ́ á kún imú mi. Itọ́ tí mo bá tu, pupa ni. Bí mo bá wà lábẹ́ ibẹ̀, ẹsẹ̀ àwọn èèyàn nìkan ni mò ń rí. Mo mọ bàtà gbogbo olówó ìlú yẹn. Mi ò mọ ojú wọn.

Síkírá ọmọ mi, ìyẹn ìyá tìẹ, Rùká, ìyá tó bí i ti kú kí n tó kúrò nílé. Ọ̀dọ̀ ìyá mi ni mo fi ọmọ náà sí. Nígbà yẹn, Làsísì nìkan ló ní fóònù nílé wa. Òun ni mò ń pè.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n bá ìyá mi sọ̀rọ̀."

"Wọ́n ti lọ sọ́jà Ìkìrun."

"Síkírá ńkọ́?"

"Ó wà nílé kéwú. Ìwọ máa ṣiṣẹ́ ẹ lọ jàre. Màá bá ẹ jíṣẹ́."

Mo tún pè. Wọ́n ti lọ sóko. Mo tún pè. Wọ́n ń sùn lọ́wọ́. Nígbà tó yá, fóònù náà ò lọ mọ́ rárá. Mo bú nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Mo bú u fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò ṣẹ̀ mí.

Èmi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ìwọ náà mọ̀. Ibẹ̀ ni ó ti burú sí i. Ẹni tí kò bá rẹ́ni kí, ẹnu ẹ̀ á máa wúwo. Òyìnbó kan ṣoṣo ló ń kí mi níbi iṣẹ́ yẹn. Yánì lorúkọ ẹ̀, àgbà ọkùnrin, ará Bẹ́ljíọ̀mù ni. Inú ọkọ̀ ẹ̀ ló ń gbé, kò láya, kò lọ́mọ. Láàárọ̀, á yọ orí jáde, á ní "Buenos días," èmi náà á dáhùn. Mo máa ń dìídì gba ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ẹ̀ kọjá kí n lè rẹ́ni kí. Nígbà tó yá, ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ta aṣọ ọkọ̀ náà, bí wọ́n ṣe ń di ìdarí mú. Ojú ẹ̀ ń ṣú lọ, ó fẹ́ ẹni tó máa bá a ríran.

Ọjọ́ tí Dèlé dé ni mo mọ̀ pé mo ti kú.

Ọmọ Òkukù ni Dèlé, ọmọ ìjọ àwọn tó ń fi gbogbo ẹnu gbàdúrà. Ó wá wáṣẹ́. Mo wà lábẹ́ ọkọ̀ kan, irin ha mí lọ́wọ́, mo sì bú irin náà.

"Yé! Bàbá, Yorùbá ni yín?"

"Inísà."

"Inísà kẹ̀! Èmi, Òkukù! Praise God!" Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ẹ̀gbin ọ̀dà. Ó ti pẹ́ tẹ́nì kan ti dọ̀bálẹ̀ fún mi. Mo bojú wẹ̀yìn, bóyá ẹlòmíì ló ń kí. "Ọmọ ta ni yín ní Inísà, Bàbá? Mo mọ Inísà dáadáa."

"Ìyá Elépo, tó ń ná ọjà Ìkìrun."

Ojú ẹ̀ yí padà. "Bàbá, ẹ má bínú. Ìyá Elépo, ọmọkùnrin kan ló ní. Omi ló gbé e lọ lójú ọ̀nà Òyìnbó. Màmá mi wà níbi sàráà ẹ̀. Ìyá yẹn pàápàá ti lọ."

Mo wọ́ jáde lábẹ́ ọkọ̀.

"Èmi lọmọ náà."

"Ẹ̀jẹ̀ Jésù!" Ó fò sẹ́yìn, ó fi ìpàkọ́ gbá ọkọ̀.

Màmá Dèlé ló bá wa wá nọ́ńbà Síkírá, tó ń ránṣọ ní Ìkìrun. Mo pè é. Mo ní, "Síkírá, bàbá ẹ ni." Ó pa fóònù. Mo tún pè, ọmọ kékeré ló gbé e. Ọmọ náà ní, "Màmá mi ní a kì í dá òkú lóhùn."

Ìwọ ni, Rùká. O ò lè rántí.

Mo ní, "Sọ fún màmá ẹ pé ta ló máa ń fi ẹ̀kọ lé e lórí kó tó jẹ ẹ́?" Torí nígbà tó wà ní kékeré, kò ní jẹ ẹ̀kọ àfi tí mo bá kọ́kọ́ gbé e lé e lórí bí ẹni gbérù. Èmi àti ẹ̀ nìkan la mọ̀ ọ́n. Mo gbọ́ tí ìwọ ń jíṣẹ́. Mo gbọ́ tí nǹkan já bọ́. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ ẹkún.

Ohun tó sọ fún mi nìyí. Ọ̀sán ọjọ́ kan ni Làsísì wọlé, tó káwọ́ lérí, tó ní wọ́n pe òun láti òkè òkun pé ọkọ̀ mi dojú dé. Wọ́n ṣe fìdáù fún mi. Làsísì jókòó níwájú, ó ń nu ojú. Kò pẹ́, ó kọ́ ṣọ́ọ̀bù sórí ilẹ̀ mi lójú ọ̀nà Ìkìrun. Wọ́n ní ta ni kó ni ín, ṣe bí òkú ò ní ọmọkùnrin.

Ilẹ̀ nìyẹn. Mo lè gbé ilẹ̀ mì.

Ìyá mi ni mi ò lè gbé mì. Síkírá ní láti ọjọ́ yẹn, láràárọ̀, ìyá mi máa ń lọ sétí odò Ọ̀tìn. Wọ́n ní omi kan náà ni, omi tó gbé mi ń ṣàn dé ibẹ̀. Wọ́n á kúnlẹ̀, wọ́n á ní, "Ọmọ mi, ṣé o jí ire?" Wọ́n á dúró. Wọ́n á dúró kó dáhùn. Tí kò bá dáhùn, wọ́n á bu omi sójú, wọ́n á padà sílé. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe títí wọ́n fi kú.

Làsísì ń rí wọn tí wọ́n ń lọ. Ohùn mi wà létí ẹ̀.

Mo ní, "Síkírá, má sọ fún ẹnikẹ́ni pé mo wà láyé."

"Kí ló dé, Bàbá?"

"Ẹnikẹ́ni kì í ṣọ́ òkú. Jẹ́ kí n ṣì kú díẹ̀ sí i."

Mi ò mọ nǹkan tí mo fẹ́ ṣe nígbà yẹn. Mo kàn mọ̀ pé mi ò ní pariwo. Àwọn kan máa ń bínú bí iná koríko. Tèmi dà bí iná èédú, o lè rò pé ó ti kú.

Ìgbà tí ojú Yánì ṣú tán pátá, ó pè mí. "Èmi ò lè wakọ̀ yìí mọ́. Ó ti gbó, ẹnikẹ́ni ò ní rà á. Gbà á."

Mo rò pé ẹ̀fẹ̀ ni. Ọkọ̀ kékeré ni o, má rò ó sí nǹkan míì. Ọkùnrin márùn-ún tí wọ́n bá jókòó sínú ẹ̀, orúnkún wọn á kan ara wọn. Ṣùgbọ́n ó ní ibùsùn, ó ní sítóòfù. Mo dúró sórí ẹ̀. Gbogbo ọdún tí mo fi sùn sábẹ́ ọkọ̀, mi ò dúró lórí èyí tó jẹ́ tèmi rí.

Yánì ní ó ku nǹkan kan. "Ọkọ̀ gbọ́dọ̀ ní ìlú. Lójú agbami, kò sọ́ba, kò sí baálé. Àsíá tó wà lẹ́yìn ẹ ló ń sọ òfin ìlú tí ò ń tẹ̀ lé, òun ló ń sọ ẹni tó máa gbèjà ẹ tí wọ́n bá mú ẹ. Ọkọ̀ tí kò ní ìlú, ẹni tó bá wù ú lè wọnú ẹ̀ tú u wò."

Mo ní, "Tìẹ ńkọ́, Bẹ́ljíọ̀mù?"

"Ọmọ wọn àti ẹni tó ń gbé lọ́dọ̀ wọn ni wọ́n ń fún. Tó bá ti kúrò lọ́wọ́ mi, ó parí."

"Ibí yìí ńkọ́?"

"Sípéènì á gbà ẹ́, torí pé ò ń gbébí. Wọ́n á wá yẹ ọkọ̀ wò, wọ́n á ní kí o ra èyí, ra tọ̀hún, wọ́n á ní kí o wá ṣe ìdánwò lédè wọn."

Èmi tí mi ò mọ̀wé Yorùbá kà. Ó tún dárúkọ àwọn ìlú òtútù kan tí kì í béèrè ọ̀rọ̀ púpọ̀: o máa fi kọ̀mpútà ránṣẹ́, wọ́n á fi àsíá wọn ránṣẹ́ padà sí ẹ. Àwọn erékùṣù kan náà wà, ibẹ̀ làwọn olówó tó ń sá fún owó orí máa ń kọ ọkọ̀ wọn sí. Ó gbà mí nímọ̀ràn ìlú òtútù.

Mo ní, "Nàìjíríà ńkọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́. "Ọ̀rẹ́ mi, gbogbo èbúté ni wọ́n á ti máa dá ẹ dúró. Àwọn adójútòfò á sá fún ẹ. Àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù ibí yìí á ní ìwọ ń gbé lọ́dọ̀ àwọn, ọkọ̀ ẹ jẹ́ àjèjì, wá san owó ibodè." Òótọ́ ni gbogbo ẹ̀. Kò fẹ́ ibi fún mi.

Ṣùgbọ́n Dèlé ti pe ẹnì kan tó ń bá èèyàn ṣe irú ẹ̀ ní Èkó. Ẹni yẹn ní páálí ìrìnnà mi ti kú tipẹ́, nítorí náà mo gbọ́dọ̀ fi hàn pé ọmọ Nàìjíríà ni mí. Kí n lọ gba ìwé ọmọ onílùú ní ìjọba ìbílẹ̀ wa ní Òkukù. Wọn ò sì ní fún èèyàn níbẹ̀ àfi tí baálé ilé ẹ̀ bá fẹsẹ̀ ara ẹ̀ wá, pẹ̀lú àgbà méjì, kó fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́ pé òun mọ onítọ̀hún, ọmọ lágbájá ni, ó sì wà láyé.

Dèlé ní, "Bàbá, ta ni baálé ilé yín báyìí?"

"Làsísì."

Mo gbé irin sílẹ̀. Dèlé ní òun ò rí eyín mi rí àfi ọjọ́ yẹn.

Mo ní, "Nàìjíríà ni."

Yánì ní, "Orí ẹ ti dàrú!"

"Kó dàrú."

Ìlú tó rọrùn ò ní bi Làsísì ní ìbéèrè kankan. Rùká, ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ nìyẹn. Àwọn èèyàn máa ń sọ pé torí ìfẹ́ ilé ni mo ṣe yan àsíá aláwọ̀ ewé. Kì í ṣe ìfẹ́.

Síkírá lọ bá Làsísì nílé. Ó ní, "Bàbá, ẹ gbọ́. Bàbá mi wà láyé. Wọ́n ti ní ọkọ̀ ojú omi. Wọ́n fẹ́ fi orúkọ ẹ̀ sílẹ̀ fún Nàìjíríà, ṣùgbọ́n láìsí baálé, kò lè ṣeé ṣe."

Ṣé o mọ ohun tó bèèrè? Kò bèèrè pé "Ó wà láyé?" Ó bèèrè pé, "Báwo lọkọ̀ náà ṣe tóbi tó?"

Síkírá ní, "Ó ní ibùsùn, ó ní ibi ìdáná." Kò purọ́.

Ojú Làsísì tàn. Ọkọ̀ tí ń gbé epo ní Àpápá ló ń rò. Ó ní, "Ohun tó bá jẹ́ tọmọ, tilé ni."

Ọjọ́ tí wọ́n lọ sí Òkukù, ó wọ agbádá funfun. Ó mú àgbà méjì dání. Àlùfáà àgbà tó ṣíwájú níbi fìdáù mi wà lára wọn; wọ́n ti ń fi ọ̀pá rìn. Wọn ò mọ ohun tí wọ́n ń lọ jẹ́rìí sí, Làsísì kàn ní ọ̀rọ̀ ilé ni. Mo wà lórí fóònù ní Las Palmas, lórí ọkọ̀ mi, Dèlé àti Yánì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Síkírá gbé fóònù sórí tábìlì òṣìṣẹ́ obìnrin tó wà níbẹ̀.

Mo gbọ́ obìnrin náà. "Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin bàbá. Baálé, ṣé ẹ mọ ọkùnrin yìí?"

"Mo mọ̀ ọ́n kẹ̀! Ọmọ bàbá mi ni."

"Ṣé ó dá yín lójú pé ó wà láyé? Torí wọ́n ní ẹjọ́ kan wà nílẹ̀ pé ó ti kú."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Irọ́ ni! Èmi ni mo sún mọ́ ọn jù. Látìgbà tó ti débẹ̀ ló ti ń pè mí lórí fóònù, èmi nìkan ló ń bá sọ̀rọ̀. Wálláhì!"

Mo gbọ́ ọ̀pá Àlùfáà tó kan ilẹ̀.

"Làsísì. Látìgbà wo?"

Ọ̀pá náà tún kan ilẹ̀.

"Mo ní látìgbà wo? Ta ni mo wá ṣàdúrà fún nígbà yẹn? Ta ni mò ń tu Ìyá Elépo nínú lé lórí?"

Àgbà kejì ní, "Lá iláhà ilá Láhù."

Ìgbà yẹn ni mo sọ̀rọ̀. Mo ti ń wá nǹkan tí mo máa sọ láti ọjọ́ pípẹ́. Mo ti kó èpè jọ bí igi ìdáná. Nígbà tó dé ojú ẹ̀, ìkíni nìkan ló jáde.

"Ẹ káàsán o, ẹ̀gbọ́n mi."

Síkírá ní ńṣe ni Làsísì dìde, tó fi agbádá gbá ìjókòó ṣubú. Obìnrin yẹn ní, "Ẹ jókòó, Bàbá. Ẹ ò tíì tẹ̀ka." Wọ́n mú àtàǹpàkò ẹ̀, wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ó tẹ̀ka pé mo wà láyé.

Ó ku orúkọ ọkọ̀. Bàbá wa ní ajá kan láyé àtijọ́ tó ń jẹ́ Ẹ-bínú-tì. Ará ilé kejì ló ń fi bú. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, á dúró lójúde, á pariwo, "Ẹ-bínú-tì! Ẹ-bínú-tì, wá jẹun!" Ajá ò mọ nǹkan kan. Ará ilé kejì ló ń jẹ́ orúkọ. Àwa tí wọ́n tọ́ bẹ́ẹ̀, a ò lè sọ ọkọ̀ lórúkọ òdòdó bíi tàwọn Òyìnbó.

Dèlé ló kùn ún sẹ́yìn ọkọ̀, lẹ́tà gàdàgbà: ÒKÚ Ń KÍ YÍN. Lábẹ́ ẹ̀, LAGOS, torí wọ́n ní Inísà ò létí òkun. Yánì ta àsíá náà. Wọ́n dá wa dúró lóòótọ́, bó ṣe wí. Ọlọ́pàá ojú omi yí ìwé síwá sẹ́yìn, kò rí irú ẹ̀ rí. Nígbà tó parí, ó fọwọ́ kan fìlà, ó ní, "Buenos días, capitán." Ó kọ́kọ́ kí mi. Wọ́n ya àwòrán ẹ̀yìn ọkọ̀ náà, Síkírá fi ránṣẹ́ sí gbogbo fóònù tó wà nílé wa. Wọ́n ní nígbà tí Làsísì rí i bí ọkọ̀ náà ṣe kéré tó, ó yí fóònù dojú dé.

Yánì kú lẹ́yìn náà. Dèlé ló ń bá mi tọ́jú ọkọ̀. Èmi padà wá sílé.

Àwọn àgbà ní kí Làsísì dá ilẹ̀ mi padà. Mo sọ fún wọn pé kì í ṣe ilẹ̀ ló ń dùn mí. Mo gbà á ṣáá. Iwájú ilé Làsísì ní Inísà níbí ni mò ń gbé, ojú ọ̀nà ló là wá láàárín.

Láti ọjọ́ tí mo ti dé, kò sí àárọ̀ tí mi ò sọdá. Tó bá ti ṣí ilẹ̀kùn, màá dọ̀bálẹ̀, orúnkún mi á máa ké. Èmi náà kì í ṣe ọmọdé mọ́. Màá ní, "Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Òkú ń kí yín. Ṣé ẹ jí ire?" Gbogbo àdúgbò á ti jáde tí wọ́n ń gbálẹ̀. Èèyàn ò lè gbé ìkíni jù, àgàgà ẹni bíi tiẹ̀ tó jẹ́ alága mọ́sálásí. Á ní, "A dúpẹ́." Ohùn ẹ̀ ń kéré sí i lójoojúmọ́.

Lánàá, ó rán Àlùfáà sí mi.

"Ọmọ mi, ó ní ìkíni yẹn ń pa òun. Ó ní kí o máa bú òun, ó sàn."

"Ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n lọ sétí Ọ̀tìn, ibi tí ìyá mi máa ń kúnlẹ̀ sí. Kí wọ́n kúnlẹ̀ síbẹ̀, kí wọ́n sọ ọ́ sókè fún ìyá mi pé mo wà láyé nígbà yẹn, wọ́n sì mọ̀. Lọ́jọ́ náà ni màá dákẹ́."

"Àwọn èèyàn á gbọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Àlùfáà mú ọ̀pá wọn. "Ìwọ náà máa kú lọ́jọ́ kan."

"Mo ti kú rí. Kò ṣe mí ní nǹkan kan."

Wọ́n lọ jíṣẹ́. Làsísì ò tíì lọ sódò. Ìyá mi kí omi títí, omi ò dá wọn lóhùn. Èmi, Làsísì ń dá mi lóhùn.

Ó tó, Rùká. Ilẹ̀ ti mọ́. Mo gbọ́ tí Làsísì ń yọ ìdè ilẹ̀kùn ẹ̀. Gbé ọ̀pá mi fún mi.